Ọwọ́ Inú Àwo Dígí

"Ẹ wò ó dáadáa, ẹ̀yin ìyá ọmọ," ni Dókítà Dìran wí. Ó gbé àwo dígí náà sókè kí àwọn tó wà lẹ́yìn lè rí i. "Ọwọ́ tó ń wẹ ọmọ yín láràárọ̀ nìyí."

Ariwo sọ nínú gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì náà. Àwo ọ̀hún fẹ̀ tó àwo ìjẹun, ọwọ́ èèyàn sì wà nínú rẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ tòun ti ìka. Kì í ṣe pé ẹnì kan yà á síbẹ̀. Kòkòrò àrùn ló hù bẹ́ẹ̀, wọ́n ṣù jọ wínníwínní, wọ́n pupa rúsúrúsú bí gàrí olépo. Àwọn abiyamọ fa ọmọ wọn mọ́ra. Obìnrin kan tiẹ̀ ti ń tú aṣọ ọmọ tirẹ̀ wò, bóyá kòkòrò ti dé ibẹ̀.

Adépéjú jókòó ní ìlà iwájú nínú ẹ̀wù funfun tó fi ń ṣiṣẹ́ láàbù, Yéwándé ọmọ rẹ̀ ń sùn lórí itan rẹ̀. Òun ló da oúnjẹ kòkòrò sínú àwo yẹn tí ó fi dì bí ẹ̀kọ, òun ló di ọwọ́ náà mú tó rọra tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀. Dókítà sì ti ṣèlérí fún un pé àwo kankan kò ní jáde kúrò nínú láàbù.

Dókítà kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Kí ló tún fẹ́ máa dárúkọ fún? Ìka ìlábẹ̀ ọwọ́ inú àwo náà kò gùn ju ìdajì lọ. Ní gbogbo àdúgbò Igbein, ẹnì kan ṣoṣo ló ní irú ìka bẹ́ẹ̀.

"Yéè! Ìka Ìyá Láwàlì rèé o!" ni ẹnì kan ké láti ẹ̀yìn.

Gbogbo ojú yí sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Ibẹ̀ ni Bùsírátù, tí tọmọdé tàgbà mọ̀ sí Ìyá Láwàlì, jókòó sí, nínú aṣọ funfun tó máa ń wọ̀ lọ kírun ọdún. Ó rọra fa ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ wọnú ìborùn. Kò wo dókítà, kò wo obìnrin tó ké. Adépéjú nìkan ló wò. Lẹ́yìn náà ó fi ẹsẹ̀ wá bàtà rẹ̀ lábẹ́ àga, ó dìde, ó sì jáde láàárín àwọn èèyàn tó ń yẹra fún un kí aṣọ rẹ̀ má baà kan ọmọ wọn.

Adépéjú ló ní kó wá.

Ìyá Láwàlì kì í ṣe ará ìta fún Adépéjú. Àbúrò ìyá rẹ̀ ni, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Nígbà tí ìyá Adépéjú kú, tí òun ṣì wà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ọ̀dọ̀ Ìyá Láwàlì ló lọ gbé, "Màámi" ló sì ń pè é títí dòní. Ìyá Láwàlì ń kírun, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni bàbá Adépéjú, kò sì sí ẹni tó bá ẹnì kejì jà lórí ìyẹn. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, ìyá náà fúnra rẹ̀ ló máa ń di irun ọmọ náà, á sì máa pariwo lé e lórí pé kó yára, kí àwọn ẹgbẹ́ akọrin má lọ bẹ̀rẹ̀ láìsí i níbẹ̀.

Nígbà tí Adépéjú wá bí ọmọbìnrin, wọ́n sọ ọ́ ní Yéwándé, nítorí ìyá tó lọ ti padà wá wọn wá. Láti ọjọ́ náà, Ìyá Láwàlì kò pe ọmọ ọ̀hún lórúkọ rí. "Ẹ̀gbọ́n mi" ló ń pè é. Bó bá dé láàárọ̀ láti wẹ̀ ẹ́, á kọ́kọ́ kúnlẹ̀, á ní, "Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀gbọ́n mi. Ṣé ẹ sùn dáadáa?" Lẹ́yìn ìyẹn ni á tó na ẹsẹ̀ méjèèjì, tí á gbé ọmọ lé e. Ọ̀rọ̀ yìí máa ń pa Bándélé, ọkọ Adépéjú, lẹ́rìn-ín púpọ̀.

Ìka tó gé yẹn ni Ìyá Láwàlì fi ń fa imú ọmọ jòjòló kó lè gún régé. Ẹ̀rọ ata kan ní Láfẹ́nwá ló gé e nígbà tó wà lọ́mọge, ṣùgbọ́n àwọn ìyá ọmọ a máa ní ìka náà rọ̀ ju àwọn yòókù lọ. Kò sí ilé tí wọ́n ti bímọ ní àdúgbò wọn tí wọn kì í ránṣẹ́ pè é. Kò ní iṣẹ́ mìíràn tó fẹ́ràn tó bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò ní iyì mìíràn ju iyì tí iṣẹ́ náà fún un lọ.

Ìléròrò ló dá gbogbo ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Ó kọ́kọ́ yọ sí ọrùn Yéwándé, ó dé abíyá, ó dé itan. "Ooru ni," ni gbogbo ayé wí. Dókítà Dìran náà wí bẹ́ẹ̀. Ooru sì mú lóòótọ́ lọ́dún náà, èèyàn kò lè fi ẹsẹ̀ lásán tẹ àpáta lọ́sàn-án. Ṣùgbọ́n òjò dé, ilẹ̀ tutù, ìléròrò kò lọ. Ńṣe ló tún ń sọyún. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, tí àwọn abiyamọ máa ń gbé ọmọ wá wọ̀n ní ilé ìwòsàn dókítà, Adépéjú ṣàkíyèsí pé àwọn ọmọ tó ní i ti pọ̀ ju àwọn tí kò ní in lọ.

"Sà, èyí kì í ṣe ooru mọ́," ló sọ fún dókítà. "Ó jọ pé bakitéríà ló wà nídìí ẹ̀."

"Wá ìdí ẹ̀ fún mi, Péjú," ni dókítà dáhùn. "Bó bá jẹ́ òótọ́, iṣẹ́ ńlá lo ṣe yẹn."

Adépéjú kò mọ ẹni tí ì bá tún sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún un kí inú rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀. Dókítà yìí ló kọ́ ọ bí a ṣe ń wo kòkòrò tí ojú lásán kò lè rí. Òun náà ló fà á lé ọkọ lọ́wọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, nígbà tí àìsàn kò jẹ́ kí bàbá rẹ̀ lè dìde. Kò sí ohun tí ọkùnrin náà lè sọ tí Adépéjú kò ní gbà gbọ́.

Ó fi òwú nu ojú ìléròrò àwọn ọmọ náà, kòkòrò kan náà ló ń hù lára gbogbo wọn. Ó wá ku ibi tó ti ń wá. Ó pinnu láti wo gbogbo ohun tó ń kan ara ọmọ, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti ilé.

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ fi ọwọ́ yín tẹ nǹkan."

"Kí ló ṣe ọwọ́ mi?"

"Kò ṣe nǹkan kan. Mo fẹ́ wo àdín, mo fẹ́ wo kànìnkànìn, ọwọ́ náà ń bẹ níbẹ̀. Mo ti tẹ tèmi."

Ìyá Láwàlì wo àwo náà, ó wo ọmọ rẹ̀. "Péjú, wọn ò ní gbé e kiri pé èmi ni mò ń kó àrùn ran ọmọ?"

"Ta ló máa gbé e kiri? Èmi àti dókítà nìkan ló máa rí i. Ẹ̀gbọ́n yín tó wà lórí ẹsẹ̀ yín yìí ni ẹlẹ́rìí mi."

Ìyá náà rẹ́rìn-ín, ó na ọwọ́. "Ó dáa, ìwọ ni. Gbà á."

Àdín kò hu nǹkan kan. Kànìnkànìn náà kò hù tó bẹ́ẹ̀, nítorí ọmọ kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀ tó so mọ́ ara ògiri ilé ìyá rẹ̀, Ìyá Láwàlì kò sì jẹ́ fi ti ọmọ kan wẹ ọmọ mìíràn láéláé. Ọwọ́ rẹ̀ hù. Ọwọ́ Adépéjú fúnra rẹ̀ hù pẹ̀lú, ó ṣe tán, àwọn méjèèjì ló ń gbé ọmọ tí ara rẹ̀ ń sọyún. Ohun tó rú Adépéjú lójú ni pé àwọn ọmọ Láfẹ́nwá, tí Ìyá Láwàlì kò fojú kàn rí, ní ìléròrò yìí bákan náà. Níbo ni ọmọ Igbein àti ọmọ Láfẹ́nwá ti ń pàdé?

Inú ilé ìwòsàn ni. Bí Nọ́ọ̀sì Beatrice bá ti wọn ọmọ tán, tó gbé e kúrò lórí òṣùwọ̀n, á ki fóòmù bọ inú agolo àtíkè ńlá kan, á fi í lu ọmọ lọ́rùn, lábíyá, láàárín itan, kó tó gbé e fún ìyá rẹ̀ padà. Àwọn ìyá fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀. Lójú tiwọn, ọmọ tí kò bá ti ibẹ̀ dé kí ọrùn rẹ̀ funfun, kó máa ta sánsán, wọn kò tíì wọ̀n ọ́n dáadáa. Agolo kan náà ni, fóòmù kan náà ni, láti orí ọmọ àkọ́dé dé orí èyí tó kẹ́yìn. Adépéjú tẹ fóòmù náà sínú àwo. Nígbà tó ṣí àpótí tó ń mú àwo móoru lọ́jọ́ kejì, kòkòrò ti hù roboto níbi tí fóòmù náà ti kàn, wọ́n kún bámúbámú.

Ó kó gbogbo àwo náà síwájú dókítà, ó ṣàlàyé. Dókítà wò wọ́n pẹ́.

"O káre, Péjú," ló wí níkẹyìn. "Fi í sílẹ̀ fún mi. Màá sọ ọ́ fún àwọn ìyá níbi ìpàdé ìmọ́tótó. Sì sọ fún ìyá yẹn kó wá o, a gbọ́dọ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀ ní gbangba."

Ìdí tí Ìyá Láwàlì fi gbé aṣọ ọdún wọ̀ nìyẹn.

Bí wọ́n ti ń tú ká níbi ìpàdé náà, Adépéjú gbé ọmọ pọ̀n, ó sì tẹ̀ lé dókítà wọ ọ́fíìsì rẹ̀ ní ilé ìwòsàn láìkan ilẹ̀kùn.

"Sà, ẹ ní àwo kankan ò ní jáde."

"Ṣé mo dárúkọ ẹnikẹ́ni ni?"

"Ìka yẹn ń kọ́? Ẹ rí i pé ó gé."

Dókítà bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ń nù ún. "Ọwọ́ ni mo fi hàn wọ́n. Mi ò wo ti ìka."

"Fóòmù àtíkè wá ń kọ́? Ẹ sọ̀rọ̀ títí, ẹ ò mẹ́nu bà á."

"Péjú, jókòó."

Adépéjú kò jókòó.

"Gbọ́ mi," ni dókítà wí. "Tí mo bá sọ fún wọn pé ilé ìwòsàn yìí ló ń kó ìléròrò ran ọmọ wọn, ta ló tún máa gbé ọmọ wá gba abẹ́rẹ́ àjẹsára? O fẹ́ kí ọmọ máa kú nítorí ìléròrò? Ìyá yẹn á bínú fún ìgbà díẹ̀, á sì tán. Mo ti ní kí Beatrice sọ fóòmù yẹn nù, ó ti ra tuntun."

"Ọ̀kan ṣoṣo náà, fún gbogbo wọn?"

"Mo ní tuntun ni."

"Àwo tó jẹ́ ti fóòmù dà, sà?"

"Wọ́n ti sè é, wọ́n ti fọ̀ ọ́." Ó gbé awò rẹ̀ wọ̀ padà. "Máa lọ sílé. Ó ti rẹ̀ ọ́."

Ohun tó dun Adépéjú jù ni ohùn tó fi sọ ọ́. Ohùn jẹ́jẹ́ ni, ohùn kan náà tó fi ń kọ́ ọ níṣẹ́. Ó rí i wàyí pé ọkùnrin náà ti mọ ohun tó fẹ́ ṣe láti ọjọ́ tó ti ní kó sọ fún Màámi kó wá.

Láti ibẹ̀, ilé Ìyá Láwàlì ló gbà lọ. Láwàlì, ọmọkùnrin ìyá náà, ló jáde sí i. Oòrùn ṣì wà lókè.

"Àǹtí Péjú, wọ́n ní kí n sọ fún yín pé àwọn ti sùn."

"Láwàlì, jọ̀ọ́, jẹ́ kí n rí wọn."

Láwàlì mi orí. "Àwọn ìyá ọmọ ti ń ránṣẹ́ pé kí Màámi má wulẹ̀ wá lọ́la. Wọ́n jókòó sínú yàrá, wọ́n ń wo ọwọ́ wọn. Ẹ máa lọ ná, Àǹtí."

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, kò sẹ́ni tó wá kúnlẹ̀ kí Yéwándé. Adépéjú fúnra rẹ̀ ló wẹ̀ ẹ́, ọmọ náà sì fi igbe bọ ẹnu títí tó fi wẹ̀ ẹ́ tán. Nígbà tó di ọjọ́ Ìṣẹ́gun, inú láàbù ló wà tó ń gbọ́ bí àwọn ìyá ṣe ń bú Ìyá Láwàlì níta, tí Nọ́ọ̀sì Beatrice sì ń lu ọmọ wọn ní àtíkè, ọ̀kan tẹ̀ lé èkejì. Ojú tì í bíi kí ilẹ̀ lanu gbé e mì. Nígbà tí wọ́n lọ tán, ó mú fóòmù tuntun náà, ó tẹ̀ ẹ́ sínú àwo mìíràn. Lọ́jọ́ kejì, ó ti hù.

Ó gbé àwo náà lọ sílé, ó fi han Bándélé.

"Ṣé o mọ̀ pé iṣẹ́ yẹn ti lọ nìyẹn?" ni Bándélé bi í.

"Mo mọ̀."

"Bàbá lo máa ń pe dókítà."

"Mo mọ̀, Bándélé." Ó bú sẹ́kún, kò sì mọ ẹni tó ń sunkún lé lórí gan-an, dókítà ni àbí Màámi.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e, kò wọ ẹ̀wù funfun. Ó pọn Yéwándé, ó tò sórí ìlà bí àwọn abiyamọ yòókù. Nọ́ọ̀sì Beatrice wo ojú rẹ̀, ó wọn ọmọ. Bó ti ki fóòmù bọ agolo ni Adépéjú di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Ẹ jọ̀ọ́, Nọ́ọ̀sì, ẹ má fi kàn án."

"Kí ló dé?"

Adépéjú yọ àwo dígí náà nínú àpò rẹ̀. Ó gbé e sókè bí dókítà ṣe gbé ti ìṣáájú. "Ẹ̀yin ìyá, ẹ dákun, ẹ gbọ́ mi. Èmi ni mo tẹ ọwọ́ tí wọ́n fi hàn yín. Ọwọ́ tèmi náà hù, wọn ò fi ìyẹn hàn yín. Èyí ni fóòmù yìí. Òun ló ń kúrò lára ọmọ kan lọ sára èkejì."

Obìnrin kan tó ń jẹ́ Wùnmí dìde lórí bẹ́ǹṣì. "Láfẹ́nwá lèmi ti ń wá," ló wí. "Mi ò mọ Ìyá Láwàlì yẹn rí, ẹ̀gbọ́n mi ló ń bá mi wẹ ọmọ. Ẹ wo ọrùn ọmọ mi." Ó ṣí aṣọ ọmọ náà. Ìléròrò ló kún ibẹ̀.

"Péjú, wọlé wá," ni dókítà wí. Ó ti dúró sẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀ mi." Adépéjú kò yí ojú padà, nítorí ó mọ̀ pé bí òun bá wo ọkùnrin náà, òun kò ní lè sọ ọ́ mọ́. "Ẹ̀yin ìyá, ẹ má torí èyí sá fún abẹ́rẹ́ o. Abẹ́rẹ́ dáa, ẹ máa gbé ọmọ yín wá. Ẹ ṣáà máa mú àtíkè tiyín dání láti ilé, bí ọmọ yín ṣe ní kànìnkànìn tiẹ̀. Ìyá tí ẹ lé kúrò nílé yín, ta ni nínú yín ló rí i kó fi kànìnkànìn ọmọ kan wẹ ọmọ ẹlòmíràn?"

Nọ́ọ̀sì Beatrice wo fóòmù ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni pé kò mọ ẹni tó gbé e fún un. Ó rọra jù ú sínú garawa pàǹtí.

Dókítà dúró títí Adépéjú fi gbé ọmọ pọ̀n. "Má wọ láàbù yẹn mọ́," ló wí jẹ́jẹ́, ó sì wọlé, ó ti ilẹ̀kùn.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, Adépéjú mú kànìnkànìn Yéwándé àti ọṣẹ rẹ̀, ó kó wọn sínú abọ́, ó gba Igbein lọ. Ìyá Láwàlì jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ọwọ́ rẹ̀ ń bẹ nínú ìborùn. Adépéjú kúnlẹ̀ sílẹ̀.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Màámi."

Ìyá náà ń wo ọ̀kánkán bíi pé kò sẹ́ni níbẹ̀. Adépéjú kò dìde. Nígbà tó pẹ́, Yéwándé ta lẹ́yìn ìyá rẹ̀, ó yọ orí, ó rí ojú tó mọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín.

"Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀gbọ́n mi," ni Ìyá Láwàlì wí. Omi lé róró sí i lójú. "Ẹ ti rù. Ta ló ń wẹ̀ yín láti ọjọ́ yìí?"

"Màámi, mo ti lọ sọ fún wọn pé..."

"Ẹ̀gbọ́n mi," ni ìyá náà gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀, kò wò ó, "ọmọ yín tà mí níwájú gbogbo Igbein. Èmi tí mo bá yín tọ́ ọ. Ó fi yín ṣe ẹlẹ́rìí, mo na ọwọ́ sí i. Ẹ bá mi sọ fún un pé mo ti gbọ́ ohun tó ṣe lónìí, Láwàlì ti sọ fún mi. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n kó má tíì pè mí ní Màámi."

Adépéjú tẹ orí ba. Lóòótọ́, wọ́n dalẹ̀ òun náà, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọwọ́ tirẹ̀ ni gbogbo ìlú wò.

Ìyá náà tú ọmọ kúrò lẹ́yìn Adépéjú, ó gbé e mọ́ àyà. "Ẹ ní kó lọ bu omi lọ́wọ́ọ́rọ́ wá," ló sọ fún Yéwándé.

Adépéjú sáré dìde. Nígbà tó gbé omi dé, Láwàlì ló gbé ọmọ dání, Ìyá Láwàlì sì ń fọ ọwọ́ nínú abọ́. Ó fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, ó ṣàn án, ó tún fi ọṣẹ fọ̀ ọ́. Àwọn tó ń kọjá lójú ọ̀nà ń dẹ ẹsẹ̀ wò ó. Ó jẹ́ kí wọ́n wò ó. Lẹ́yìn náà ó na ẹsẹ̀, ó gba ọmọ sórí rẹ̀, ó ṣí àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì síwájú ọmọ náà tòun ti ìka tó gé.

"Ẹ wò ó, ẹ̀gbọ́n mi," ló wí. "Mo ti fọ̀ ọ́ o. Ẹ gbà mí láyè kí n wẹ̀ yín."

Kò tọrọ irú àyè bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ kankan rí. Adépéjú dúró lẹ́yìn wọn pẹ̀lú táwẹ́ẹ̀lì lọ́wọ́, ó ń retí ìgbà tí wọ́n máa ní kó gbé e wá, kò sì pe ẹnikẹ́ni ní Màámi.